Alárán Kì í Ṣe Aláràn

Bí ẹnikẹ́ni bá ti sọ fún Zùwáírátù tẹ́lẹ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò dúró ní gbangba Dùgbẹ̀, tí yóò máa bá àmì orí lẹ́tà kan ṣoṣo jà bí ẹni tó mú olè, ì bá fi onítọ̀hún rẹ́rìn-ín ni. Olùkọ́ ni kó tó gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Jọ́gíráfì ló kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní Agbowó títí tó fi fẹ̀yìn tì, kò sì sí ohun tó wù ú láyé yìí tó kí nǹkan wà ní àyè rẹ̀, kí ọ̀nà ní orúkọ, kí àlejò má sì sọnù. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà fi dùn ún wọ akínyẹmí ara. Òun fúnra rẹ̀ ló bá àwọn tó gbé àmì náà wá bẹ àwọn ọlọ́jà.

Òpópó tí ọ̀rọ̀ náà dá lé kò gùn rárá. Ẹ̀yìn títì ńlá ló wà, níbi tí èèyàn bá gbójú sókè tí yóò rí Ilé Àwòṣífìlà, ilé gogoro olókìkí nì, láàárín òrùlé páànù méjì. Aṣọ nìkan ni wọ́n ń tà níbẹ̀, àrán ló sì jẹ́ ọ̀gá aṣọ ibẹ̀. Àlàájà Sẹ̀kínátù, ìyá Zùwáírátù, ló kọ́kọ́ gbé àrán dé ibẹ̀ nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ ẹ̀yìnkùlé lásán tí àwọn awakọ̀ ń tọ̀ sí. Ó ri òpó igi kan mọ́lẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, ó sì fi àrán pupa kọ́ ọ, kí àwọn tó ń bọ̀ láti Ṣakí, láti Ìsẹ́yìn, láti Ìgbòho lè máa rí i láti òkèèrè. "Ẹ máa wo ibi tí àrán pupa bá so sí," bí wọ́n ṣe ń júwe ara wọn nìyẹn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń pè é ní Ìyá Alárán. Àwọn mìíràn wá pàtẹ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọ̀nà náà sì di Òpópó Alárán. Ìjọba kọ́ ló sọ ọ́ lórúkọ. Ẹnu àwọn oníbàárà ló sọ ọ́, orúkọ tí ẹnu oníbàárà bá sì sọni, bí owó ọjà ló ń ró létí.

Nígbà tí Àjọ Ẹwà Ìgboro kọ́kọ́ dé, àwọn ọlọ́jà kò fẹ́ gbóhùn wọn. Àjọ náà ní àwọn fẹ́ tún Dùgbẹ̀ ṣe. Wọ́n ní àwọn á bo gọ́tà, àwọn á to intalọ́ọ̀kì sílẹ̀, àwọn á ri iná sólà, àwọn á sì gbé pátákó ìtọ́ka sí gbogbo ẹnu ọ̀nà, kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Ìbàdàn lónìí lè rí ibi tó ń lọ láìbi ẹnikẹ́ni léèrè. Adéfọlárìn, tó ń ta dàmáásìkì, tó tún jẹ́ alága òpópó, ní irọ́ ni wọ́n ń pa. Ó ní wọ́n á gbẹ́lẹ̀ tán, wọ́n á sì fi kòtò sílẹ̀ fún àwọn oníbàárà láti kó sí.

Zùwáírátù ló dìde. Ó bi wọ́n pé kí ni ọ̀nà ṣẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ kò fi gbọdọ̀ hàn sójú? Ó ní ṣé wọn kò rí i bí oníbàárà ṣe ń rìn gbéregbère kiri Dùgbẹ̀ títí àwọn afanilọ́wọ́ yóò fi fà wọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn ni? Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ wọ́n létí.

"Ó dáa," ni Adéfọlárìn wí. "Ẹ̀yin lẹ mọ̀wé, Àlàájà. Bó bá bàjẹ́, ọ̀dọ̀ yín la ó wá."

Wọ́n gbẹ́lẹ̀ lóòótọ́. Òjò ọdún yẹn rọ̀ sínú kòtò, pákó ni àwọn oníbàárà ń gbà kọjá, ẹni tó bá sì wọ bàtà gogoro yóò bọ́ ọ sọ́wọ́. Àwọn ọlọ́jà fara dà á. Nígbà tó kù díẹ̀ kí iṣẹ́ parí, àjọ náà ní ohunkóhun kò gbọdọ̀ so mọ́ ẹnu ọ̀nà mọ́, wọ́n ní ó ń ba ojú ìgboro jẹ́. Bí wọ́n ṣe fa òpó Ìyá Alárán tu nìyẹn, tí wọ́n ká àrán pupa, tí wọ́n sì gbé e fún Zùwáírátù bí ẹni gbé ẹrù òkú fún ọmọ olóògbé.

Ìyá rẹ̀ ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́, kì í jáde mọ́, ilé Zùwáírátù ní Ẹlẹ́yẹlé ló ń gbé. Nígbà tó rí àrán náà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, inú rẹ̀ kò dùn.

"Ta ni yóò wá máa júwe wa báyìí?"

"Màámi, wọ́n máa kọ orúkọ yín sára irin ni. Irin ńlá. Ẹni tó bá wà nínú mọ́tò gan-an yóò rí i."

Ìyá náà fọwọ́ pa àrán orí itan rẹ̀. "Orúkọ tèmi? Èmi tí n kò mọ álífábẹ́ẹ̀tì kan?"

Láti ọjọ́ náà ni kò ti sí àlejò tó wọlé tí kò ní gbọ́ ọ. Wọ́n máa kọ orúkọ òun sára irin. Ó ní àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ti kú láìrí irú rẹ̀, ó ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí òun lọ kí òun tó fojú rí i. Ó ní kí wọ́n bá òun gbé àrán pupa náà pa mọ́, òun ni òun yóò dà bora ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń ṣí ọ̀nà. Inú Zùwáírátù a máa dùn bó bá ti ń gbọ́ ọ. Ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ohun tí òun lè ṣe fún obìnrin yìí, ẹni tó fi àrán rán òun níwèé, tí òun tìkára rẹ̀ kò sì mọ orúkọ ara rẹ̀ kọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Zùwáírátù sọ̀kalẹ̀ nínú takisí Máíkírà, ó sì rí pátákó náà. Ó ga, ó dúdú bí aró, wọ́n gé lẹ́tà funfun mọ́ ọn, ọfà ńlá sì wà lábẹ́ rẹ̀ tó nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà wọn. Àní ó dára lójú. Ó fi ẹ̀rín músẹ́ sún mọ́ ọn, ó sì kà á.

*Òpópó Aláràn.*

Ó bọ́ awò ojú, ó fi ìborùn nù ún, ó tún kà á. Aláràn náà ló wà níbẹ̀. Wọ́n fi gbogbo àmì sí i pérépéré, òkè lókè, ìsàlẹ̀ nísàlẹ̀, bí ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe. Ìgbà tó ku fáwẹ̀lì tó gbẹ̀yìn, ibi tó yẹ kí ohùn gbà gòkè, wọ́n tì í ṣubú.

Ọmọ Yorùbá wo ló kù tí a ó la èyí yé? Àrán ni ọba ń wọ̀, òun ni ìyàwó fi ń wọlé ọkọ, òun ni ọlọ́lá fi ń jáde. Aràn ni ti inú ọmọ tí a kò fọ ọwọ́ rẹ̀. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ilé wo wá ni àwọn wọ̀nyí wò?

Lẹ́sẹ̀ kan náà ló pe Fadékẹ́mi lórí fóònù, òṣìṣẹ́ àjọ tó wá gba orúkọ òpópó lẹ́nu rẹ̀ níjọ́sí.

"Fadékẹ́mi, ṣé o rántí ohun tí mo sọ fún ọ? Mo ní Alárán, àrán tí à ń wọ̀ sọ́rùn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ma. Ohun tá a kọ náà nìyẹn, ma."

"Aràn lẹ kọ. Aràn inú!"

"Ẹ máà bínú, ma. Kì í ṣe àwa la fi àmì sí i. Kọ̀ǹpútà ló bá wa fi sí i."

"Kọ̀ǹpútà." Zùwáírátù tún ọ̀rọ̀ náà pè bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ tó kan wò. "Kọ̀ǹpútà ò ní ìyá, Fadékẹ́mi. Ìwọ ní. Kí ló ṣe ọ́ tí o ò kà á kí wọ́n tó gé irin?"

"Gbogbo pátákó ni mo kà, ma. Mo kàn ń wò ó pé lẹ́tà ò fò ni."

Ọ́fíìsì wọn ní Onírèké ni Zùwáírátù gbà lọ tààrà. Ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ níbẹ̀ bí ọyẹ́. Wọ́n ya àwòrán Dùgbẹ̀ tuntun sára ògiri, àwọn òyìnbó ni wọ́n sì yà síbẹ̀, tí wọ́n ń rìn lọ pẹ̀lú ajá wọn. Ẹnjiníà Bọ́láwárìn ló jẹ́ olórí iṣẹ́ náà, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan báyìí, ẹni tó jẹ́ pé bó bá fẹ́ gbá èèyàn létí, yóò kọ́kọ́ ní kí ó jókòó. Ó dìde fún Zùwáírátù, ó fún un ní omi tútù, ó sì gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ parí.

"Àlàájà, mo gbọ́ yín. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ń wo àmì. Gbogbo èèyàn ló mọ ohun tá a ní lọ́kàn."

"Bí kò bá sẹ́ni tó ń wo àmì, kí lẹ fi í sí i fún?"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Kí ó lè pójú owó ni, ma. Àṣà wa. Ìdánimọ̀ wa."

"Ẹ jẹ́ kí ayàwòrán kan yí àmì kan ṣoṣo yẹn padà. Ọ̀dà funfun tó kún ìdérí ìgò ló máa gbà."

"Háà, kò ṣeé ṣe báyẹn. Irin tí wọ́n gé ni. Bí ọwọ́ mìíràn bá kàn án, kọngílá ò ní ṣe àtúnṣe ọ̀fẹ́ tó ṣèlérí fún wa mọ́. Ẹ fi sùúrù sí i. Ní Fèésì Tú, ìpele kejì iṣẹ́ yìí, a máa wò ó."

"Nígbà wo ni Fèésì Tú?"

"Bí bọ́jẹ́ẹ̀tì bá ti jáde, ma."

Zùwáírátù kò mu omi wọn. Inú Máíkírà tó gbé e padà ni orí rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí gbóná gidi. Ẹ gbọ́ ná, ta ló bẹ̀ wọ́n ní àmì? Ọ̀pọ̀ ọdún ni òpópó náà fi wà láìsí lẹ́tà kan, kò sẹ́ni tó ṣì í pè. A fún wọn lọ́bẹ̀, wọ́n tami sí i, wọ́n gbọ́n ju ọlọ́bẹ̀ lọ. Wọ́n ní àwọn ń bọlá fún Yorùbá. Ọlá wo ló wà nínú kí á da àmì sórí ọ̀rọ̀ bí ẹni ń da ata sí mọ́ínmọ́ín, kí á má sì tọ́ ọ wò?

Bó ṣe jẹ́ ọ̀rọ̀ ìbínú lásán nìyẹn o, títí Mánsúrù fi dé.

Oògùn ìbílẹ̀ ni Mánsúrù ń tà. Ibi tó bá rí ló ń dúró sí tẹ́lẹ̀, ní Mókọ́là lónìí, ní Ẹlẹ́yẹlé lọ́la. Lọ́jọ́ kan, Zùwáírátù ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó bá ọkùnrin náà tó ti pàtẹ sí ìdí pátákó. Ìgò kéékèèké ló tò jọ, ó sì gbé ìgò ńlá kan sí àárín wọn, aràn gidi ló wà nínú rẹ̀, ó ká jọ sínú omi bí ìdí òwú. Ó gbé gbohùngbohùn sẹ́nu: "Aràn! Aràn inú, aràn ìdí! Òpópó Aláràn lẹ wà yìí, ẹ má gbé e lọ sílé o!"

Zùwáírátù bá a débẹ̀. "Ta ló ní kí o wá síbí?"

Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ fún un dáadáa. "Pátákó ni mo kà, màmá. Mo rò pé ìjọba ti ya ibí sọ́tọ̀ fún àwa olóògùn aràn ni. Àní mo ń sọ ọ́ nílé pé, ìjọba tó rántí tiwa náà rèé."

"Àrán là ń tà níbí!"

Mánsúrù gbójú sókè wo pátákó, ó sì tún wo Zùwáírátù tàánútàánú. "Màmá, ṣé ìjọba á wá parọ́ ni?"

Ohun tó tún wá bí Zùwáírátù nínú jù ni pé ọjà ọkùnrin náà tà. Àwọn èèyàn rí pátákó, wọ́n tẹ̀lé ọfà, wọ́n bá aràn. Pátákó náà ṣiṣẹ́ tí wọ́n rán an, kò ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà. Kí ọ̀sẹ̀ tó yípo, olóògùn mìíràn ti wá bá a. Àwọn awakọ̀ ń kígbe pé, "Aláràn wọlẹ̀!" ẹ̀rín á sì sọ nínú ọkọ̀. Wọ́n ya pátákó náà sórí fóònù, wọ́n ń pín in kiri. Ìyá ìyàwó kan láti Baṣọ̀run, tó ti yan àrán fún ọmọ rẹ̀, pe Zùwáírátù lórí fóònù pé kó má bínú. Ó ní àwọn àna ti gbọ́ ibi tí aṣọ náà ti ń bọ̀, wọ́n sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní òun kò fẹ́ kí wọ́n pe ọmọ òun ní ìyàwó aláràn.

Adéfọlárìn wá sí ṣọ́ọ̀bù Zùwáírátù, ó jókòó. Ìjókòó rẹ̀ gan-an lẹ́jọ́ nínú.

"Ẹ̀yin lẹ ní ká gbà fún wọn, Àlàájà."

"Mo mọ̀."

"Ẹ máa gun àkàbà lọ fi ọ̀dà kùn ún, mo ti rí i lójú yín. Ẹ má ṣe é. Wọ́n kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé ẹni tó bá fọwọ́ kàn án á lọ ilé ẹjọ́, ìyẹn sì rèé, àmì tibẹ̀ pé. Òkò àbínújù kì í pa ẹyẹ."

Zùwáírátù wo ìdérí ìgò tó ti bu ọ̀dà funfun sí lábẹ́ káúńtà. Ó ti ilẹ̀kùn káúńtà náà.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n dá ọjọ́ ìṣíde. Wọ́n ní Ìyá Alárán ni yóò gé ríbọ́ọ̀nù. Zùwáírátù gbìyànjú láti dá a dúró. Ó ní oòrùn yóò mú, ó ní èrò yóò pọ̀, ó ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dá. Ìyá náà kò tilẹ̀ dá a lóhùn. Ó ti gbé àrán pupa síta láti ìrọ̀lẹ́ àná, ó ti sá a, ó sì ti ní kí wọ́n fi tìróò lé òun lójú. Zùwáírátù kò lè sọ fún un. Ó lanu lẹ́ẹ̀mejì, ó rí bí ìyá náà ṣe ń gbọn àrán bí ẹni ń gbọn ẹ̀wù ọmọ tuntun, ó sì pa á dé.

Wọ́n ta kánópì ní Dùgbẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n to àga. Olóṣèlú pọ̀ ju ọlọ́jà lọ. Wọ́n ti ní kí Mánsúrù palẹ̀ mọ́ kí àlejò má bàa rí aràn, ó sì kó ìgò rẹ̀ sínú àpò, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́bàá àkàbà tí wọ́n fi so ríbọ́ọ̀nù. Wọ́n mú Ìyá Alárán wá sí ìdí pátákó, àrán pupa dà lé e léjìká délẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí i tí kò yà sílẹ̀ fún un. Ẹnjiníà Bọ́láwárìn gba gbohùngbohùn.

"Ìyá wa rèé o! Ìyá tó ni òpópó!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyá náà gbójú sókè wo irin náà, ó wò ó pẹ́.

"Ẹ ṣé o, ọmọ mi," ó ní. "Ojú mi ò gbàwé. Ẹ bá mi kà á sókè, kí n fi etí ara mi gbọ́ ọ."

Bọ́láwárìn kàn tún ohùn ṣe ni. "Òpópó Alárán!" ó ní, ohùn rẹ̀ gòkè síbi tó yẹ kó gòkè, ó rọ̀ ṣọ̀mù.

Omi jáde lójú ìyá náà. Zùwáírátù rí i. Ọ̀rọ̀ ti gun òun náà dé ètè, ó gbé e mì. Bí ìyá òun bá gbọ́ ọ báyìí, tó bá sì gbé e lọ sílé báyìí, ó tó. Ìjà náà yóò dúró di ọjọ́ Ajé.

Àfi bí obìnrin kan ṣe já àárín èrò kọjá, ọmọ ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀. Kò mọ ìṣíde, kò mọ ríbọ́ọ̀nù. Ó kúnlẹ̀ síwájú ẹni tó dàgbà jù níbẹ̀.

"Ẹ kú ìnáwó o, màmá. Ẹ jọ̀wọ́, níbo gan-an ni wọ́n ti ń ta oògùn aràn níbí? Pátákó yìí ni mo tẹ̀ lé láti títì. Inú ń run ọmọ yìí láti àná."

"Oògùn aràn kẹ̀?" Ìyá náà wò yíká. "Ta ló ń ta oògùn aràn lọ́nà mi?"

Mánsúrù wolẹ̀. Ìyá Alárán kò mọ̀wé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tajà dàgbà, ó mọ bí ojú ṣe ń rí nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ta ayédèrú fúnni. Ó wo ojú ọmọ rẹ̀, lẹ́yìn náà ó yíjú sí Bọ́láwárìn.

"Ẹ tún un kà fún mi."

"Òpópó Alárán ni, màmá."

"Ìyẹn lẹ kà lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ ṣe kọ ọ́ ni mo ní kí ẹ kà."

Ẹnjiníà wo Fadékẹ́mi, Fadékẹ́mi ń wo intalọ́ọ̀kì. Gbohùngbohùn ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, gbogbo Dùgbẹ̀ sì ń gbọ́ bó ṣe ń mí.

"Màmá, àṣìṣe kékeré kan ló wà níbẹ̀. A máa—"

"Ẹ kà á."

Kò lè kà á. Ọmọ Yorùbá ni, wọ́n tọ́ ọ nílé ire, ahọ́n rẹ̀ kò lè wo arúgbó tó da àrán bora kí ó pè é ní aláràn. Ibẹ̀ ni ìbínú tí Zùwáírátù ti ń gbé mì láti ọjọ́ yìí ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ ò rí i bí? Ohun tí ẹnu yín kọ̀ tí kò lè pè sójú ìyá mi, òun lẹ kọ sára irin sí ojú ọ̀nà wọn! Mo wá bá yín ní Onírèké. Mo bẹ̀ yín. Ẹ ní kò sẹ́ni tó ń wo àmì. Ẹ wo obìnrin tó wà lórí ìkúnlẹ̀ yìí, àmì ló wò tó fi débí! Ẹ tu òpó ìyá mi, ẹ ní ó ń ba ìgboro jẹ́. Nígbà tí òpó ìyá mi wà níbẹ̀, ta ló sọnù? Ta ló bá aràn lábẹ́ rẹ̀?"

Àwọn ọlọ́jà bẹ̀rẹ̀ sí kùn. Ẹnì kan ní kí wọ́n wó o. Òmíràn ní kí wọ́n pe àwọn ajórin wá fi gáàsì gé e. Ìyá Alárán ló gbọ́wọ́ sókè, wọ́n sì dákẹ́.

Ó bọ́ àrán pupa kúrò léjìká. Ara rẹ̀ wá kéré lábẹ́ bùbá lásán. Ó ní, "Ẹ má wó nǹkan kan. Ọmọ tí a ò tíì sọ lórúkọ, inú aṣọ là ń gbé e sí. Ẹ bá mi bò ó."

Mánsúrù ló gba aṣọ náà. Kò sẹ́ni tó rán an. Ó gbé àkàbà ríbọ́ọ̀nù ti pátákó, Adéfọlárìn tó ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn án ló sì di ẹsẹ̀ àkàbà mú. Mánsúrù da àrán bo irin náà láti òkè dé ìdí ọfà, ó so ó ní ìsokùn tí kò ṣeé tú. Lẹ́yìn náà ó sọ̀kalẹ̀, ó mú ìgò kan nínú àpò rẹ̀, ó fún obìnrin ọlọ́mọ náà, ó sì gbé ẹrù rẹ̀ gba ọ̀nà Mókọ́là lọ.

Ẹnjiníà Bọ́láwárìn kò fi ọlọ́pàá mú ẹnikẹ́ni. Ìtìjú kò jẹ́. Ó ṣèlérí níbẹ̀, lójú gbogbo èèyàn, pé wọ́n á tún un kọ. Ìgbà tó di ọjọ́ Ajé tí Zùwáírátù pè é, ó ní ọ̀rọ̀ náà ti wọ Fèésì Tú. Ìgbà tó tún pè é, Fadékẹ́mi ló gbé fóònù, ó ní ọ̀gá wà ní ìpàdé, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ ní kí ó máà bínú. Láti ìgbà náà, ìpàdé yẹn kò tíì parí.

Òjò ti pa àrán náà. Oòrùn ti mú un ṣá díẹ̀. Ọjà ti padà sí òpópó, nítorí pé bí àlejò bá pe Zùwáírátù pé òun ti sọ̀kalẹ̀ lẹ́bàá Ilé Àwòṣífìlà, òun kò sì mọ ibi tí òun yóò yà sí, kò ní sọ orúkọ òpópó fún un. Ohun tó ń sọ ni pé, "Ẹ bi ẹnikẹ́ni tẹ́ ẹ bá rí pé níbo ni wọ́n ti wọ pátákó láṣọ."

Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò tíì rọ̀, n kò sì mọ ẹni tí yóò ní kí ó rọ̀. Irin ń bẹ lábẹ́ aṣọ náà. Ìyá rẹ̀ kò jáde mọ́ láti ọjọ́ náà, orí bẹ́ẹ̀dì ló máa ń wà báyìí. Ní àràárọ̀, bí Zùwáírátù bá ti fẹ́ lọ sí Dùgbẹ̀, yóò gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú yàrá.

"Zùwáírá, ṣé wọ́n ti tún un kọ?"

"Wọn ò tíì tún un kọ, màámi."

"Jẹ́ kó wà nínú aṣọ," ni ìyá náà yóò wí. "Ó jọ pé n ò ní dúró de ìgbà tí wọ́n máa sọ ọ́ lórúkọ."